Onífótò Tí Kì Í Ṣe Arákùnrin Ẹnikẹ́ni

Inú àpótí onígíláàsì kékeré tó wà ní ilé tẹlifóònù Neiafu, ní erékùṣù wa ní Tonga, ni Toakase ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Akọ̀wé nahùn pè é láti ẹ̀yìn káńtà, "Toakase ti Feleti! Auckland ń dúró o!" Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i, torí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá gbọ́ nínú àpótí yẹn, kí onítọ̀hún tó dé ilé, abúlé á ti fi jẹun tán. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú bí ẹni tó gbé ìkókó.

"Ìyá Hingano, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ. Pariwo díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn ẹ lọ."

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń la pákó ni. Ibi iṣẹ́ ni mo wà." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Ọ̀gá mi ò gbà o. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní tí mo bá wá síbi ìgbéyàwó, kí n má wulẹ̀ padà."

Toakase fi etí aṣọ nu ojú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Hingano.

"Má sunkún, àwọn èèyàn ń wò ẹ́," ni Feleti wí, àfi bí ẹni pé ó ń rí i. "Wá onífótò fún mi. Onífótò gidi, kì í ṣe èyí tó máa gé èèyàn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi bá ń gun orí aṣọ èèpo igi tí a ń tẹ́ sílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Má fi rán ẹnikẹ́ni o. Ìwọ ni kó o wá a."

"Èmi náà ni màá wá a."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun?"

Fóònù já. Kò tíì dáhùn tí fóònù já.

Òṣùpá kan kò kú tán lójú ọ̀run tí ìròyìn fi dé pé ibi tí Feleti ti jókòó ti pákó tí ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ni ọkàn rẹ̀ ti dúró. Wọ́n gbé e wálé nínú pósí tí ó dára ju ilé tí ó kọ́ lọ. Wọ́n gé irun Toakase, ó wọ aṣọ dúdú, ó ró ẹní gbígbó tó ya mọ́ ìdí, bí opó ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà sì sún ìgbéyàwó Hingano síwájú di ìgbà tí ọ̀fọ̀ bá parí. Sosaia, ọkọ ìyàwó, tí ó ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté, ní òun á dúró, kódà bó di pé òun hu irùngbọ̀n funfun.

Ẹní ni Toakase ń hun. Kò kàwé kọjá kí ó lè ka orin inú ìwé orin, ṣùgbọ́n ẹní tí ó bá hun, tí èèyàn bá da omi sórí rẹ̀, omi á ronú kí ó tó kọjá. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún un pé àgbà tó ní ẹní nílé kò tíì tòṣì. Tí ó bá jókòó ti iṣẹ́, ó máa ń kọrin, àwọn obìnrin yòókù tó ń bá a hun á gbe. Lẹ́yìn ikú Feleti, ó ń hun, kò kọrin mọ́. Àwọn obìnrin náà ò sì dá orin kankan. Ẹní ń gùn sí i, ilé dákẹ́, gbogbo wọn ń gbọ́ bí ewé ṣe ń ha ewé.

Ohun kan ló mú un dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: iṣẹ́ tí ọkọ rán an. Lójú rẹ̀, ikú kò gba iṣẹ́ náà padà. Feleti fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, yóò rí i. Nígbà tí fótò bá jáde, òun á fi í sínú férémù, òun á gbé e sí ìgbèrí ibojì rẹ̀, kí ó máa wò ó. Bí ó ti sọ fún Hingano nìyí. Ọmọ náà gbórí sí itan ìyá rẹ̀.

Bí ọ̀fọ̀ ti parí, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Neiafu, sí ṣọ́ọ̀bù Paea lẹ́bàá èbúté. Ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Paea. Àwọn àjèjì tó ń wá wo ẹja àbùùbùtán ló máa ń yà ní fótò. Toakase kò tíì kí i tán tí ó fi ń wo àwọn fótò ara ògiri. Ó ń wo ẹsẹ̀. Ó lọ láti fótò kan sí èkejì, ó ń tẹ orí ba, ó ń fi ìka kà á.

"Ìyá, ṣé ẹ sọ bàtà nù síbí ni?" ni Paea bi í.

"Ẹsẹ̀ ni mò ń wá. Àwọn onífótò kan máa ń sọ èèyàn di iwin òkun, orí lókè, nǹkan kan ò sí nísàlẹ̀."

Paea rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ wá, ó máa gbé e lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà tù ú lára. Ó sọ fún un nípa Feleti, nípa aṣọ èèpo igi tí wọn á tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, nípa bí ó ṣe fẹ́ kí ó wólẹ̀ kí ó lè mú ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa. Paea gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí pé ó wo aago. Toakase tú ẹní àdìpọ̀ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹní tí ó mọ́ bí eyín ọmọdé, fún owó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn aládùúgbò gbọ́ tí ó ń kọrin lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀.

Kalolaine ló kù. Ẹ̀gbọ́n Feleti obìnrin ni Kalolaine, ó ń gbé ní Nuku'alofa, olú ìlú wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Òun ló ń sọ ọ̀rọ̀. Kò sí ìgbéyàwó tí a ṣe tí kò jókòó lórí ẹní tó ga jù, kò sì sí òkú tí a sin tí kò ní àṣẹ lé lórí. Ìyá ló bí ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá ló ni ín lójú àwùjọ. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀sẹ̀ náà ló gbé e wá, òun àti àpò àti abẹ̀bẹ̀ àti ìrẹsì. Nígbà tí ó jẹun tán, tí ó nu ẹnu, ó bi Toakase pé, "Ìyàwó, ta ló máa ya fótò?"

"Paea ni, ẹ̀gbọ́n mi. Paea ti Neiafu."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Lupeti ni, ará Hunga."

Kalolaine gbé abẹ̀bẹ̀ dúró. "Lupeti tí ìyá ẹ̀ ń jẹ́ Mafi?"

"Mi ò mọ orúkọ ìyá ẹ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Mafi, àbúrò ìyá wa ni. Láti ìkókó ni wọ́n ti fi í fún àwọn ará Hunga tọ́, ìyá wa sunkún ẹ̀ dójú ikú. Ọmọ ọmọ ẹ̀ lo fẹ́ gbé kámẹ́rà fún?" Ó kọ hà. "Arákùnrin Hingano mà ni! Ìwọ, Toakase! Arákùnrin ni kó wá máa wo àbúrò ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi òróró àgbọn pa á léjìká? Arákùnrin ni kó dúró síwájú ẹ̀ nígbà tí ọkọ bá fẹnu kò ó lẹ́nu, kó máa ní kí wọ́n tún un ṣe, torí iná kámẹ́rà ò tàn?"

Toakase mọ̀ pé òótọ́ ni. Ilẹ̀ ló ń wò. Lọ́dọ̀ wa, arákùnrin àti arábìnrin kì í gbé inú yàrá kan náà tí wọ́n bá ti bàlágà, ẹ̀fẹ̀ ọkọ àti ìyàwó kì í sì wáyé lójú àwọn méjèèjì. Ọmọ ìyá kan tàbí ọmọ ìyá ìyá, ọ̀kan náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò lè dúró síta kó máa yà á?"

"Kó máa ya ògiri ṣọ́ọ̀ṣì? Feleti fẹ́ rí ògiri ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Paea. Bí wọ́n ti tọ ìran fún un tán, àánú rẹ̀ ṣe gbogbo èèyàn. Ó fi orí kanlẹ̀. Nígbà náà ni Hingano, tí kò mọ̀ pé àlejò wà, gbé omi wọlé láti ẹ̀yìn. Paea kò dúró gba ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló bá jáde, ọmọkùnrin tí ó ti wo Hingano lójú kòròkòrò ní ọjà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹní Toakase ni ó tún fi ránṣẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Erékùṣù wa kò tóbi. Toakase tún jáde. Vake tó ní kámẹ́rà ní ìhà kejì, ìyá rẹ̀ àti Toakase jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: arákùnrin Hingano ni. Ọmọ akọrin ìjọ tó ń ya àwọn tó ń ṣe ìrìbọmi, nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ wá inú igbó ìran rẹ̀ wò, arákùnrin ni òun náà. Obìnrin kan ṣoṣo tó ní kámẹ́rà, ìyàwó tíṣà, ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ha'apai. Ibi gbogbo tí Toakase yà sí, ìbátan ló ń pàdé rẹ̀. Ohun tí a fi ń yangàn lọ́jọ́ òkú, pé a pọ̀, pé kò sí ẹni tó dá wà, òun ló wá dínà mọ́ ọn.

"Ṣé o rí i?" ni Kalolaine wí. "Ẹni tí kì í ṣe arákùnrin ẹnikẹ́ni la nílò."

Sosaia ló mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Nígbà ẹ̀rùn, èbúté Neiafu máa ń kún fún ọkọ̀ onígbòkun àwọn òyìnbó, wọ́n á jókòó sójú omi bí ẹyẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni Gerrit, tí ahọ́n wa sọ di Keliti. Ọkùnrin gíga tí oòrùn ti sun ní imú, tí ó ní kámẹ́rà méjì lọ́rùn. Sosaia ló tún ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Keliti wá jẹun nílé Toakase, ó jẹ kókò, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ìka nu àwo. Ó kó àwọn fótò rẹ̀ jáde: ẹja, ẹyẹ, arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín láìléyín. Wọ́n dára. Toakase kò lè sẹ́ pé wọ́n dára.

"Bi í bó ní ẹbí níbí," ni Kalolaine wí.

Sosaia bi í. "Ó ní òun ò ní ẹnì kankan ní gbogbo Tonga."

Kalolaine pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Kó wọ yàrá, kó wọ ibi pẹpẹ, kó gun orí àjà bó fẹ́. Ta ló máa tijú ẹ̀?"

Toakase sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Sosaia, ọmọ mi, bi í níbo ni ìyá ẹ̀ wà."

Keliti gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sójú òkun. "Ó ní ìyá òun ti kú," ni Sosaia wí. "Ó ní inú ọkọ̀ yẹn ni ilé òun."

Ara Toakase kò lélẹ̀. Kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ó bá tilẹ̀ lè sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ẹ̀gbọ́n bàbá ti sọ̀rọ̀. Ìyá ni òun, ìyàwó ilé ni òun. Ó wọlé, ó gbé ẹní tí Paea dá padà, ó sì tẹ́ ẹ síwájú òyìnbó náà.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dára. Wọ́n fi òróró pa Hingano lára títí awọ ara rẹ̀ fi ń dán bí igi tí òjò fọ̀, wọ́n ró ẹní tí a jogún láti ọwọ́ ìyá Feleti mọ́ ọn ní ìdí. Pauliasi, àbúrò Feleti, ló fà á lọ́wọ́. Láti ibi tí ó jókòó sí lẹ́yìn Kalolaine, Toakase kò wo ọmọ rẹ̀, onífótò ló ń wò. Ó rí i nígbà tí Keliti wólẹ̀ lórí orúnkún, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àgbọ̀n kanlẹ̀, tí ó sì ya ẹsẹ̀ Hingano bí ó ti ń gun orí aṣọ èèpo igi. Ó yà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un yà. Omijé bọ́ lójú Toakase. Ó wí lábẹ́ ohùn pé, "Bàbá Hingano, ó ti wà nínú ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde síta, òyìnbó náà fẹ́ ya ọmọ ilé. Ó fa Hingano dúró, ó fa Maka, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wá láti ibi tí ó fara pamọ́ sí lẹ́yìn igi gbẹ̀rẹ̀fútù. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí Maka gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra. Maka wo ọwọ́ náà bí ẹni rí ejò. Ó yí padà, ó sáré, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò padà mú un.

"Mú ọ̀nà òkun o!" ni àwọn obìnrin ibi ààrò kígbe. "Maka, dúró o, òyìnbó fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó!"

Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Keliti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kò mọ ohun tó ṣe.

Lẹ́yìn àsè, ó kó àwọn fíìmù rẹ̀ sínú àpò rọ́bà. Ó ní New Zealand ni òun á ti fọ̀ wọ́n, torí pé àwọ̀ ibẹ̀ kì í ṣí, òun á sì fi wọ́n ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítọ́fíìsì. Toakase rọra fa aṣọ Kalolaine.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó fi fíìmù sílẹ̀ fún wa. Paea lè fọ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀."

"Paea kẹ̀? Ṣé kí arákùnrin lọ ti ara ẹ̀ mọ́nú òkùnkùn, kó máa yọ àbúrò ẹ̀ nínú omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìyàwó, òyìnbó fún ẹ lọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀. Jẹun."

Toakase jẹun.

Nígbà tí ìjì àsìkò òjò bá ń sún mọ́lé, àwọn ọkọ̀ onígbòkun kì í dúró. Gbogbo wa mọ̀. Ọmọdé tó bá ti mọ ìyàtọ̀ afẹ́fẹ́ mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Sosaia wá sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé èbúté ti ṣófo. Keliti ti bá àwọn yòókù lọ, ó ní kí Sosaia bá òun kí Ìyá. Toakase ní ó dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí pósítọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú bá gbé lẹ́tà wá. Akọ̀wé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dé káńtà mọ́, ẹnu ọ̀nà ni ó ti máa ń mi orí sí i.

Ìjì wá, ó lọ. Hingano bí ọmọ, wọ́n sọ ọ́ ní Feleti. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun tún dé ní àsìkò wọn, Sosaia sì ń wa ọkọ̀ kékeré lọ láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń béèrè. Ọ̀kan ní òun rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Fiji. Òmíràn ní kò dé New Zealand rárá. Ẹnì kẹta béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, Sosaia kò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni ohun tó ń ṣe Toakase lọ́jọ́ tí òyìnbó na ọwọ́ sójú òkun wá yé e. Ká ní Paea ló gbé fótò náà pamọ́, òun á gbé ẹní kan, òun á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí oòrùn tó wọ̀, ojú á ti ti gbogbo ilé náà, àwọn ẹ̀gbọ́n á ti gbá a létí, fótò á jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe arákùnrin ẹnikẹ́ni, ẹnu ọ̀nà ta ni èèyàn yóò jókòó sí? Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kí òun bínú sí i tàbí kí òun máa gbàdúrà fún un. Bí ó bá bínú, ó lè jẹ́ òkú ló ń bínú sí. Bí ó bá ṣọ̀fọ̀, ó lè jẹ́ ibì kan ni ó ti ń jẹ ẹja sísun.

Kalolaine wá wo ọmọ tuntun. Ó gbé e, ó gbé e sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ ẹ.

"Ìyàwó, dáadáa ni mo rò pé mo ṣe."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àbúrò èmi náà ló kú."

"Mo mọ̀."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ọmọ.

Hingano ló mú àbá wá. Ìyàwó tíṣà ti padà láti Ha'apai, kámẹ́rà rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tún aṣọ ìgbéyàwó yẹn wọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ nǹkan síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí n gun orí ẹ̀, kó yà mí."

"Aṣọ èèpo igi ti di ti àwọn àna ẹ. Ẹní ìdí ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ lọ sílé."

"Ẹ jẹ́ ká yá òmíràn."

Toakase wo ọmọ rẹ̀. Ọmú ti kún un láyà, oorun kò tó o lójú. "Hingano, mo lè parọ́ fún alààyè," ni ó wí. "Bàbá ẹ ní kí n fi ẹsẹ̀ ẹ tó ń wọ ilé ọkọ han òun. Ṣé kí n wá lọ fi eré ọmọdé hàn án?"

Ọmọ náà kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa ń lọ tún ibojì ṣe kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Toakase máa ń gbé iyanrìn funfun láti etíkun, á tẹ́ ẹ, á fi ọwọ́ pa á kó dán. Lórí àwọn ibojì tó yí ti Feleti ká, férémù wà: ọmọ tó gboyè, ọmọ tó di sójà, ọmọ tó gbéyàwó. Orúkọ Feleti wà lórí símẹ́ńtì, òdòdó sì wà nínú ìgò. Fótò kankan kò sí níbẹ̀.